Òkúta Tí A Gbìn Ní Ọ̀kà

Ìyá mi ló kọ́kọ́ fi iṣẹ́ mi ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́jọ́ tí mo délé ní Ìkàrẹ́ tí mo sọ fún un pé mo ti ríṣẹ́ ìjọba ní Ọ̀kà, ẹ̀wà ló ń ṣà lórí àtẹ. Kò gbójú sókè, ó bi mí pé, "Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀?"

"Wọ́n ń gbin òkúta, Mọ́ọ̀mì."

"Wọ́n ń gbin kí ni?"

"Òkúta."

Ó gbé àtẹ sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ní Ọ̀kà? Ọ̀kà tí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ń fi ọkọ́ pàdé àpáta láràárọ̀? Ṣé èyí tí Ọlọ́run gbìn síbẹ̀ kò tíì tó ìjọba ni?"

Ẹ̀yin ọmọ tó ń jáde ìwé mẹ́wàá lọ́wọ́, tí ẹ ń ro irú iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe, ẹ̀yin ni mo ń kọ èyí fún. Mo mọ̀ pé ẹni tó bá ń sọ ìtàn iṣẹ́ ayé rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ arúgbó. Èmi kò tíì ní ewú kan lórí. Hàlímá, ọmọ mi, ṣì wà lẹ́yìn mi nígbà tí wọ́n ní kí n máa lọ sílé. Ẹ̀yìn tí mo fi ń pọn ọmọ ni wọ́n ní kí n fi tì. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo kọ́ ti tán ní gbogbo agbègbè wa, kò sì sí ẹni tó tún ń ṣe é tó lè sọ ọ́ fún yín. Bí kò bá sí àgbà mìíràn, ẹ fara mọ́ èyí tí ẹ rí.

Òkúta tí mo ń sọ kì í ṣe ti àpáta. Kírísítálì ni wọ́n ń pè é. Iyọ̀ kan wà tí kì í ṣe ti ọbẹ̀. À ń dà á sínú omi gbígbóná títí omi á fi kọ̀ pé òun ò lè gbà sí i mọ́. A ó wá fi okùn so ẹ̀rún kékeré kan rọ̀ sínú omi náà. Ẹ̀rún yẹn ni irúgbìn. A ó jẹ́ kí omi máa tutù díẹ̀díẹ̀, díẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò lè mọ̀ ọ́n. Bó ṣe ń tutù ni iyọ̀ á máa jáde kúrò nínú omi, tí á máa tò sára irúgbìn yẹn ní ìlà ìlà, bí ìgbà tí ènìyàn tò sáàfù fún ìrun, èjìká kan èjìká, tí gbogbo wọn kọjú sí ibì kan náà. Bí kò bá sí wàhálà, ohun tí ẹ máa rí ní ìparí jẹ́ ara kan ṣoṣo tí kò ní oríkèé, tó mọ́ gaara bí afẹ́fẹ́ òwúrọ̀ lẹ́yìn òjò. Wọ́n ń lò ó nínú ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣiṣẹ́. Òkè òkun la ti ń rà á. Ìjọba ní kí a gbìyànjú láti mú tiwa hù nílé.

Ìdí tí wọ́n fi kọ́ láàbù, ilé ìwádìí wa, sí Ọ̀kà kò le. Kírísítálì kò fẹ́ kí ilẹ̀ mì. Orí àpáta ni wọ́n kọ́ ilé náà lé, ó jìnnà sí títì, ó sì dúró gbọn-in. Ohun tí ìyá mi fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ gan-an ló mú kí ibẹ̀ dára.

Bí wọ́n ṣe gbà mí kò gùn: wọ́n ń wá ẹni tó yege nínú kẹ́mísìrì tí kò sì jìnnà. Owó oṣù jọ owó oṣù. Ẹ jẹ́ ká fò ó.

Ọ̀gá mi ni Dókítà Ògúnsakin, ọmọ Ifira, tó kàwé títí dé òkè òkun tó sì padà wálé nígbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò béèrè orúkọ mi. Ó ní, "Ṣé o máa ń lo àtíkè?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"O ti lò ó kẹ́yìn."

Eruku ni ọ̀tá wa. Ẹyọ eruku kan tó bá wọ inú omi náà, òun náà á di irúgbìn, iyọ̀ á lọ tò sára rẹ̀, òkúta kéékèèké á kún ìsàlẹ̀ ìgò bí ìrì dídì, èyí tí a fẹ́ gan-an á sì dẹ́kun dídàgbà. Nítorí náà kò sí àtíkè, kò sí òórùn dídùn, kò sí ẹ̀pà jíjẹ. Ìborí mi, ọ̀tọ̀ ni èyí tí mo ń lò nílé, ọ̀tọ̀ ni ti láàbù, Dókítà ló sì fi owó ara rẹ̀ rà á fún mi, ó ní aṣọ tí òwú kì í bọ́ lára rẹ̀ ni. Nígbà ọyẹ́, tí eruku á bo gbogbo Àkókó tí ẹ ò ní rí orí òkè, aṣọ tútù la fi ń dí ẹnu ọ̀nà àti fèrèsé, a ó sì máa wọlé bí olè, lẹ́gbẹ̀ẹ́gbẹ́.

Ọ̀pọ̀ oṣù ni kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan iyọ̀. Ìgò ni mo ń fọ̀. Bí mo bá fọ̀ ọ́ tán, á gbé e síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, á da omi sí i, á wò bí omi ṣe ń sàn lára rẹ̀. Bí omi bá dúró ní ẹ̀kán ẹ̀kán níbì kan, á gbé e padà fún mi.

"Rámátù, ọbẹ̀ lo fẹ́ sè nínú eléyìí?"

"Rárá, sà."

"Lọ fọ̀ ọ́ bí ẹni tí kò fẹ́ se ọbẹ̀."

Mo sunkún nílé. Ìyá mi ní, "Wọ́n ní o ń gbin òkúta, ìgò lo wá ń fọ̀. Mo ní ìgò níbí, ṣé o fẹ́ fọ̀ ọ́ fún mi?" Bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣe: ó ń bú mi, ó sì ń bu oúnjẹ sí abọ́ mi.

Nígbà tí Dókítà wá jẹ́ kí n mú tèmi hù, mo tọ́jú rẹ̀ bí ọmọ. Ó tó ìdajì ìka mi. Inú mi dùn, mo gbé e lọ fún un lórí aṣọ funfun. Ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Ó fi hàn mí: ìkùukùu kékeré kan wà ní àárín rẹ̀, bí èémí lára dígí.

"O kánjú mú omi tutù lọ́jọ́ kan."

"Ọjọ́ kan péré ni, sà."

"Ọjọ́ kan náà ló wà nínú rẹ̀ yìí. Kò ní jáde mọ́ láé." Ó sún abọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kan síwájú mi. "Fi í síbẹ̀. Kó padà síbi tó ti wá."

Ọwọ́ ara mi ni mo fi sọ ọ́ sí i. Mo dúró wò ó títí ó fi yọ́ tán. Mo kórìíra bàbá yẹn lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n nínú oṣù ààwẹ̀, mo rí i pé kì í mu omi lójú mi, Kìrìsìtẹ́nì ni o. Á jáde lọ sẹ́yìn ilé kó tó mu ún. Kò sọ̀rọ̀ rẹ̀ rí. Irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa ohun èlò wa, torí ó yí padà lójú mi. Sítóòfù kẹrosíìnì la fi bẹ̀rẹ̀. Agbada omi ńlá kan wà lórí rẹ̀, ìgò iyọ̀ wà nínú agbada náà, iṣẹ́ mi sì ni láti máa yí òwú sítóòfù sísàlẹ̀ ní ìwọ̀n tí ojú tẹmómítà bá sọ. Òwú ìránṣọ la kọ́kọ́ fi ń so irúgbìn. Irun ara òwú náà ń bí òkúta wẹ́wẹ́, bẹ́ẹ̀ la fi sá lọ sọ́dọ̀ okùn ọ̀rá tí àwọn apẹja fi ń de ìwọ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ ìmómigbóná oníná dé, òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣọ́ ìgbóná omi. A jó. Iná ọba jó díẹ̀ pẹ̀lú wa, ó sì lọ. A ra jẹnẹrétọ̀, òun náà wá ń mi ilẹ̀; a gbé e lọ jìnnà réré, sórí iyanrìn. Ní ọdún díẹ̀ kí gbogbo rẹ̀ tó bàjẹ́ la tó rí iná oòrùn tó ń pamọ́ sínú bátìrì. Ìgbà tí ilé kún fún ohun èlò tó péye ni a wá pàdé ohun tí ohun èlò kankan kò lè tún ṣe.

Mo fẹ́ ọkọ láàárín ìgbà náà. Mo lóyún Hàlímá. Dókítà ní kí n má gbé nǹkan wúwo mọ́, ó sì gbé àga kan sí iwájú agbada fún mi. Orí àga yẹn ni mo wà nígbà tí a gbin èyí tó tóbi jù.

Ìjọba ti rán wa létí ṣáájú. Wọ́n ní a ti pẹ́ jù lórí kéékèèké; kí a fi ẹyọ kan hàn wọ́n tó tóbi, tó mọ́, tí wọ́n lè gé sínú ẹ̀rọ. Bí a bá rí i, láàbù á dúró, wọ́n á sì fi kún un. Bí a kò bá rí i, kí kálukú gba ilé rẹ̀ lọ. Dókítà kó gbogbo wa jọ, ó sọ ọ́ fún wa bó ṣe rí, ó sì yan irúgbìn náà fúnra rẹ̀. Ó wò ó bí ẹni tó ń wo ìyàwó àfẹ́sọ́nà.

Mo bí ọmọ mi, mo gba ìsinmi, mo padà, òkúta náà ṣì ń dàgbà. Lọ́jọ́ tí mo padà, mo yọjú wò ó láti ojú gíláàsì tó bo agbada. Ó ti tó àtẹ́lẹwọ́ ọkùnrin. Mo ń wo agbada, mi ò sì rí i, àfi etí rẹ̀ tó ń tan. Ó mọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Dókítà dúró lẹ́yìn mi. Ó ní, "Kò ní àléébù." Èmi kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí, kò sì tún sọ ọ́ mọ́.

Ohun tó kù kò ju sùúrù lọ. Omi náà ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. A ní láti jẹ́ kó tutù títí yóò fi bá afẹ́fẹ́ yàrá dọ́gba, ká wá fa omi kúrò nísàlẹ̀ rẹ̀ láì gbé e, ká fi sílẹ̀ kó gbẹ fúnra rẹ̀. Torí bí òkúta yìí ṣe le tó lójú, òtútù òjijì á là á. Ooru ọwọ́ ènìyàn gan-an lè là á. Omi sì ni ìyá rẹ̀, ẹ má gbàgbé. Inú omi ló ti wá, omi ló sì lè mú un padà.

Àsìkò yẹn gan-an ni wọ́n gbé alákòóso tuntun wá fún wa. Kì í ṣe ènìyàn búburú. Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ mọ́ ọn. Ó mọ ènìyàn kí, ó mọ àlejò gbà. Ìyẹn ló mọ̀. Ó ránṣẹ́ sí ẹni ńlá kan ní Àkúrẹ́ pé kó wá fojú ara rẹ̀ rí ohun tí a ṣe. Ẹni ńlá náà dá ọjọ́. Ọjọ́ tó dá bọ́ sí ìgbà tí omi kò tíì tutù.

Dókítà lọ bá a. Mo wà níbẹ̀, ọmọ wà lẹ́yìn mi.

"Sà, kí wọ́n wò ó láti ojú gíláàsì. Kò tíì ṣeé gbé jáde."

"Dókítà, ṣé kí ènìyàn wá láti Àkúrẹ́ kó wá yọjú wo omi?"

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, sà. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ péré."

"Ẹni ńlá kì í dúró de omi."

Lọ́jọ́ náà, ọkọ̀ tó wá pọ̀ ju àga tí a ní lọ. A ti gbálẹ̀. Wọ́n gbé àpótí amómitutù wá, ó kún fún yìnyín àti omi inú ike. Ẹni ńlá náà wọlé pẹ̀lú agbádá, eruku wọlé tẹ̀lé e, mo rí i bí Dókítà ṣe di ojú. Wọ́n fi agbada hàn án. Ó tẹjú mọ́ ọn.

"Mi ò rí nǹkan kan."

Òótọ́ ló sọ, ohun tó sì ga jù lọ tí ènìyàn lè sọ nípa òkúta yẹn nìyẹn. Ṣùgbọ́n ojú ti alákòóso. Ó ṣí ìdérí agbada.

Dókítà ní, "Sà, kò tíì tutù."

Alákòóso rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́, "Dókítà, ẹ má dójú tì wá níwájú àlejò."

Ọ̀gá mi dákẹ́. Ọkùnrin tó lè pariwo mọ́ wa títí dé ojú títì nítorí ẹyọ àtíkè kan, ó di ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó dákẹ́. Wọ́n kọ́ ọ ní Ifira pé a kì í bá ọ̀gá jiyàn lójú àlejò. Gbogbo wa ni wọ́n kọ́ bẹ́ẹ̀.

Èmi kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà." Ẹni ńlá náà rò pé mò ń kí òun ni. Ó wo ọmọ ẹ̀yìn mi, ó ní, "Dìde, ìyá ọmọ. Ọlọ́run á dá a sí."

Alákòóso ti ọwọ́ bọ omi, ó gbé òkúta náà jáde. Gbogbo wọn ké "Háà!" Ìmọ́lẹ̀ bà á, ó sì tú àwọ̀ sí ara ògiri. Tí wọ́n bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, bóyá, mi ò mọ̀, bóyá ó ṣì lè yè. Ṣùgbọ́n omi iyọ̀ ń kán lára rẹ̀, ó ń yọ̀ mùlọ̀mùlọ̀. Ta ni yóò fi ohun tó ń yọ̀ lé ẹni ńlá lọ́wọ́? A kì í gbé ife fún àlejò ká má ṣan án. Alákòóso na ọwọ́ sí àpótí amómitutù, ó mú ike omi kan tí yìnyín ṣì wà lára rẹ̀, ó já a, ó sì fi ṣan òkúta náà, dáadáa, lójú lẹ́yìn, bí ọmọlúàbí.

Ó dún "pá." Kò ju bí ìgbà tí ènìyàn pa obì lọ. Ìlà funfun kan la àárín rẹ̀ kọjá, ó sì là sí méjì ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Ẹni ńlá ní, "Ṣé ó fọ́ ni?"

Alákòóso kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. "Rárá o, sà. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ọ̀kan ti yín, ọ̀kan tiwa."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìdajì náà fún un, wọ́n fi aṣọ wé e, wọ́n gbé e lọ.

Nígbà tí ọkọ̀ lọ tán, Dókítà mú ìdajì tó kù. Ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Fífọ́ náà ti ya ẹ̀ka ẹ̀ka wọ inú rẹ̀ lọ, kò sí ibì kan tí wọ́n lè gé lò. Ó bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú abọ́. Mo mọ ohun tó fẹ́ ṣe. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, sà. Ká kàn máa wò ó."

Ó fi í sínú omi. Àwa méjèèjì dúró tì í títí kò fi sí níbẹ̀ mọ́. Hàlímá ń sùn lẹ́yìn mi.

Èyí tó kù kò gùn. Àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀rọ béèrè fún òkúta wa láti Àkúrẹ́, wọ́n rí ìdajì tó ti sán lọ́wọ́ ẹni ńlá náà, wọ́n ní kò wúlò. Ìjọba mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ: wọ́n ti láàbù. Alákòóso lọ gba àlejò níbòmíràn. Ewúrẹ́ ló ń sùn ní ẹnu ọ̀nà tí a ń fi aṣọ tútù dí. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, awakọ̀ ẹni ńlá náà wá bá mi nílé ní Ìkàrẹ́, ó ní wọ́n rán òun.

"Ẹ jọ̀ọ́, mádáàmù, òkúta yẹn ti tán. Ọmọ-ọ̀dọ̀ ló ń bá wọn fọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ abọ́. Ọ̀gá ní kí ẹ fún àwọn ní òmíràn."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín bí ìyá mi ṣe rẹ́rìn-ín lórí àtẹ ẹ̀wà, ṣùgbọ́n omi tó bọ́ lójú mi kì í ṣe irú tirẹ̀.

Mo gbé Hàlímá lọ kí Dókítà ní Ifira. Kòkó ló ń tọ́jú níbẹ̀ báyìí. Ó gbé ọmọ náà lé orúnkún.

"Rámátù, gbogbo ọdún yẹn ni mo fi ń pariwo mọ́ yín lórí eruku."

"Ẹ ṣe é re, sà. Ẹ kọ́ wa."

"Lọ́jọ́ tó yẹ kí n pariwo gan-an, mo ń ṣe ọmọlúàbí."

Mi ò lè dá a lẹ́bi. Ta ni mo jẹ́? Èmi náà kúnlẹ̀ ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń wá iṣẹ́, mi ò ní sọ fún yín pé kí ẹ má kọ́ iṣẹ́ tó le, tàbí kí ẹ má ṣe iṣẹ́ ìjọba. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ tèmi. Mo ṣì ń lá àlá rẹ̀. Wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Èmi fẹ̀sọ̀ mú un, ó bàjẹ́, torí ọwọ́ tó mú un kẹ́yìn kì í ṣe tèmi. Ẹ béèrè ohun kan ṣáájú kí ẹ tó wọlé síbi iṣẹ́ kan: níbí yìí, ta ló lè sọ fún ọ̀gá, lójú àlejò, pé kó má ṣe é? Bí wọ́n bá wo ara wọn lójú, ẹ máa bá tiyín lọ.

Hàlímá ti ń sọ̀rọ̀ dáadáa báyìí, ìtàn òkúta yẹn ló sì máa ń ní kí n sọ fún òun kó tó sùn. Ìyá mi ní ẹnu rẹ̀ ti mú jù, kí n kọ́ ọ ní ìkúnlẹ̀. Mo ti kọ́ ọ. Ó mọ̀ ọ́n kún. Lọ́jọ́ kan, ní ìrọ̀lẹ́, èéfín ti dú ìgò àtùpà wa. Ìyá mi pa iná, ó fi aṣọ di ìgò náà mú, ó sì fẹ́ bu omi tútù láti inú àmù fi ṣan án bó ṣe gbóná yẹn. Hàlímá sáré jáde láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó kúnlẹ̀ gbàgà níwájú ìyá-ńlá rẹ̀, orúnkún méjèèjì, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó sì pariwo débi pé àwọn ará ilé kejì gbọ́ ọ:

"Màmá, rárá! Ẹ má bomi sí i! Kò tíì tutù!"

Ìyá mi dúró, igbá omi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò mí. "Ọmọ yìí ló ń pàṣẹ fún mi nínú ilé mi? O ò gbọ́ ni? O ò ní bá a wí?"

Mo wo ìgò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wà ní odindi.

"Mo gbọ́, Mọ́ọ̀mì," mo ní. "Mi ò ní bá a wí."